Títọ Ipasẹ̀ Èérún Kan Ṣoṣo Nínú Omi: Àgbéyẹ̀wò Ìmọ̀ Kan Tó Kan Ilẹ̀ Òkun

Bí ara ọmọ bá gbóná ní Kábà, ní ilẹ̀ Òkun ti Ìpínlẹ̀ Kogi, tí ìyá rẹ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn alábọ́dé, nọ́ọ̀sì á gún ọmọ náà níka, á kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sójú ike pẹlẹbẹ kan, á sì kán omi díẹ̀ tẹ̀ lé e. Kò ní ju ogún ìṣẹ́jú lọ tí ìlà pupa á fi yọ. Bí ó bá jẹ́ ìlà kan, kò sí ibà. Bí ó bá di méjì, ibà ti wọlé. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n máa ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni lóògùn ibà, ike pẹlẹbẹ yìí ló sì jẹ́ kí ó ṣeé ṣe ní abúlé tí kò ní maikirosikóòpù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá kò tíì gbọ́ ni pé, nínú púpọ̀ nínú àwọn ike náà, wúrà ló ń pọ́n nínú ìlà yẹn. Nígbà tí wúrà bá kéré dé ìwọ̀n bí 40 nánómítà, kì í pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi ti ẹ̀gbà ọrùn mọ́. Pupa fòò ni àwọ̀ rẹ̀ máa ń jẹ́ nínú omi.

Nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan mílímítà. Irun orí ènìyàn fẹ̀ tó nǹkan bí 80,000 nánómítà. Èérún tí fífẹ̀ rẹ̀ wà láàárín 1 sí 100 nánómítà ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní èérún nánò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu wọn kì í le lórí ààlà yẹn. Wọ́n wà nínú oògùn, nínú ọ̀dà, nínú omi odò, nínú ẹ̀jẹ̀. Ìbéèrè tí àgbéyẹ̀wò yìí dojú kọ ni èyí: nígbà tí irú èérún bẹ́ẹ̀ bá wà nínú omi, tí kò dúró lójú kan, báwo ni ènìyàn ṣe lè mọ̀ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe tóbi tó, bí wọ́n ṣe pọ̀ tó, àti bóyá wọ́n ti ń so mọ́ ara wọn? Ìbéèrè náà ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìdáhùn rẹ̀ ti dára gan-an báyìí, àmọ́ àwọn tó ń ṣe èérún wọ̀nyí nílẹ̀ wa kò tíì lò ó tó bó ṣe yẹ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ojú ti kọ́kọ́ rí i. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí gùn láàárín 400 sí 700 nánómítà. Nǹkan tó bá kéré gan-an sí ìyẹn, maikirosikóòpù oní-dígí kò lè ya àwòrán rẹ̀, bó ti wù kí dígí náà dára tó. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan wà níbẹ̀. Bí oòrùn òwúrọ̀ bá gba ihò páànù wọ yàrá tó ṣókùnkùn, eruku tí ẹnikẹ́ni kò rí tẹ́lẹ̀ á máa tàn wínníwínní nínú ìtànṣán náà. Kì í ṣe bí eruku náà ṣe rí gan-an ni ojú ń rí, ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara rẹ̀ fọ́n ká ni. Bákan náà ni ti èérún nánò. A kò lè rí ìrísí rẹ̀, àmọ́ a lè rí ibi tó wà, bí a bá da ìmọ́lẹ̀ tó le lù ú láti ẹ̀gbẹ́, tí a sì jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣókùnkùn.

Richard Zsigmondy àti Henry Siedentopf ló sọ ọgbọ́n yìí di ẹ̀rọ. Siedentopf ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Carl Zeiss ní ìlú Jena, ní Jámánì. Ọ̀rọ̀ wúrà tí wọ́n fi ń sọ dígí di pupa ló ń jẹ Zsigmondy lọ́kàn. Láàárín 1902 sí 1903 ni wọ́n gbé maikirosikóòpù tuntun wọn jáde, tó ń ta ìmọ́lẹ̀ sí omi láti ẹ̀gbẹ́. Èérún wúrà inú omi náà sì yọ bí àmì ìmọ́lẹ̀ tíntìntín tó ń sáré kiri. Zsigmondy gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́místrì ti ọdún 1925. Wúrà tó wà nínú ike àyẹ̀wò ibà ní Kábà lónìí, ẹ̀yà kan náà ni.

Sísáré yẹn gan-an ni gbogbo ìmọ̀ yìí dúró lé lórí, ìtàn rẹ̀ sì kan ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀nà tí ènìyàn kò ní retí. Robert Brown, onímọ̀ ewéko ará Scotland, kọ àfikún kan ní 1826 nípa àwọn ewéko tí Walter Oudney, Dixon Denham àti Hugh Clapperton kó jọ ní àárín gbùngbùn Áfíríkà. Clapperton yìí náà ló gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ìparí 1825, tó gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá dé Ọ̀yọ́ Ilé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e, tó sì kú sí Sókótó ní oṣù Kẹrin 1827. Oṣù Kẹfà ọdún yẹn ni Brown jókòó ti maikirosikóòpù rẹ̀ ní London, tó ń wo lẹ́búlẹ́bú òdòdó kan tí wọ́n ń pè ní Clarkia pulchella nínú omi. Ó rí i pé àwọn èérún kéékèèké tó ti inú lẹ́búlẹ́bú náà jáde kò sinmi. Wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń yí, wọ́n ń já síhìn-ín já sọ́hùn-ún.

Ẹlòmíràn ì bá ti sọ pé ẹ̀mí ló wà nínú wọn. Brown kò yá ẹnu. Ó lọ dígí, ó lọ òkúta, ó tilẹ̀ lọ èérún kan láti ara ère Sphinx ilẹ̀ Íjíbítì, ó kó gbogbo wọn sínú omi, wọ́n sì ń gbọ̀n bákan náà. Òkúta kò ní ẹ̀mí. Ohun mìíràn ló ń tì wọ́n.

Ó gba ọdún méjìdínlọ́gọ́rin kí àlàyé tó ṣe é fi ṣírò tó dé. Ní 1905, Albert Einstein, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Bern, ní Switzerland, fi ìṣirò hàn pé mólékù omi ló ń kọlu èérún náà láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ láìdáwọ́ dúró. Marian Smoluchowski, ará Poland, gba ọ̀nà tirẹ̀ dé ibẹ̀ ní 1906. Ohun méjì nínú àlàyé yìí ló ṣe pàtàkì fún wa. Èkíní ni pé èérún kékeré máa ń sáré ju èérún ńlá lọ, débi pé bí a bá mọ bó ṣe ń sáré tó, a lè ṣírò bó ṣe tóbi tó. Èkejì ni pé ìrìn rẹ̀ kì í ṣe ìrìn ẹni tó mọ ibi tó ń lọ: bí ó bá máa jìnnà ní ìlọ́po méjì sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, àkókò tó máa lò kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni.

Jean Perrin ní Paris ló fi ojú rí ohun tí Einstein fi ìwé sọ. Òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mú oje igi kan tí wọ́n ń pè ní gamboge, wọ́n ya èérún rẹ̀ sọ́tọ̀ sọ́tọ̀ títí wọ́n fi dọ́gba, wọ́n wá ń sàmì sí ibi tí èérún kan wà ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, lórí ìwé tí wọ́n ti fa ìlà sí. Láti inú àwọn àmì wọ̀nyí ni wọ́n ti ṣírò iye átọ́ọ̀mù, tí ohun tí wọ́n rí kò sì jìnnà sí èyí tí ayé ń lò lónìí. Títí di ìgbà náà, àwọn ọ̀mọ̀wé pàtàkì kan ṣì ń jiyàn pé kò sí ohun tó ń jẹ́ átọ́ọ̀mù. Iṣẹ́ Perrin ló pa iyàn náà. Nobel físíìsì ti 1926 ni wọ́n fi yẹ́ ẹ sí.

Ọgbọ́n Zsigmondy àti sùúrù Perrin wá pàdé nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà. Ní 2003, Bob Carr àti John Knowles dá ilé iṣẹ́ NanoSight sílẹ̀ ní Salisbury, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé iṣẹ́ Malvern rà á ní 2013. Àwọn mìíràn náà ti wà lórí ọjà, Particle Metrix ti Jámánì jẹ́ ọ̀kan. Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti tẹ̀ lé. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fa omi díẹ̀ sínú yàrá kékeré tó ní dígí. Ìtànṣán lésà tó tẹ́ẹ́rẹ́ á gba inú omi náà kọjá. Maikirosikóòpù á wò ó láti òkè, kámẹ́rà á sì máa ya fídíò, bí àwòrán ọgbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, fún bí ìṣẹ́jú kan. Kọ̀ǹpútà á wá mú èérún kọ̀ọ̀kan tó ń tàn, á tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti àwòrán kan sí òmíràn, á wọn bó ṣe rìn jìnnà tó, á sì fi òfin Einstein sọ ìwọ̀n rẹ̀. Ohun tí Perrin fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe, ẹ̀rọ yìí ń ṣe é fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èérún kí ènìyàn tó mu omi tán.

Níwọ̀n bí ó ti mọ bí omi tí kámẹ́rà ń wò ṣe pọ̀ tó, ó lè ka èérún náà pẹ̀lú. Ó máa ń ṣe dáadáa bí iye wọn bá wà láàárín mílíọ̀nù mẹ́wàá sí bílíọ̀nù kan nínú mílílítà kan. Bí wọ́n bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa dí ara wọn lójú, àfi kí wọ́n fi omi là á.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Èérún tó fẹ̀ tó 100 nánómítà, nínú omi tí ìgbóná rẹ̀ jẹ́ 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, máa ń jìnnà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ní nǹkan bí 4,400 nánómítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyẹn ju ìlọ́po ogójì fífẹ̀ ara rẹ̀ lọ. Èyí tó fẹ̀ tó 50 á lọ tó nǹkan bí 6,200.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti wá kan ojú ọjọ́ ilẹ̀ Òkun gan-an. Òfin Einstein kò béèrè bí èérún ṣe sáré tó nìkan. Ó tún ń béèrè bí omi ṣe gbóná tó àti bó ṣe ki tó. Omi tó gbóná máa ń fẹ́lẹ́ sí i. Láti 25 dé 35, kíki omi máa ń dín kù ní nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ká ní ní ọ̀sán oṣù Kẹta ní Kábà, iná mànàmáná ti lọ, amúlétutù ti kú, yàrá àyẹ̀wò ti gbóná dé 35, ẹni tó ń lo ẹ̀rọ kò sì yí nọ́ńbà 25 tó wà níbẹ̀ padà. Èérún tó jẹ́ 100 nánómítà á sáré ju bó ṣe yẹ lọ lójú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé 78 ni. Èérún kò yí padà. Ìgbóná ló parọ́ mọ́ ọn. Ẹni tí kò mọ èyí á ka iṣẹ́ rere sí iṣẹ́ burúkú, tàbí kó ka burúkú sí rere. Nítorí náà, ní irú ilẹ̀ wa, tẹmómítà inú omi yẹn ṣe pàtàkì bíi lésà. Kí ẹnikẹ́ni tó ra ẹ̀rọ olówó ńlá, kó kọ́kọ́ ronú lórí iná tí kò ní máa lọ tó máa bọ̀.

Àwọn ọ̀nà mìíràn wà, ó sì yẹ ká wò wọ́n láìṣègbè. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú yàrá àyẹ̀wò káàkiri ayé ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní DLS. Òun náà ń lo lésà àti ìgbọ̀nrìrì Brown, ṣùgbọ́n kì í wo èérún kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ gbogbo wọn ló ń gbà pọ̀, tó sì ń fa ìpíndọ́gba yọ. Ó yá, kò sì nira. Àléébù rẹ̀ ni pé èérún ńlá máa ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká ju kékeré lọ lọ́nà tó kọjá àfẹnusọ: bí fífẹ̀ bá di ìlọ́po márùn-ún, ìmọ́lẹ̀ á di nǹkan bí ìlọ́po 15,600. Nítorí náà, bí èérún kan tó jẹ́ 150 nánómítà bá wà láàárín ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tó jẹ́ 30, ìmọ́lẹ̀ ẹyọ kan yẹn á bo ti gbogbo ìyókù mọ́lẹ̀. Ìpíndọ́gba á wá sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ nípa èyí tó pọ̀ jù. Títọ ipasẹ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro yìí pátápátá, nítorí èérún ńlá lè ta sí kámẹ́rà lójú, àmọ́ ó gba kékeré àti ńlá láyè láti wà nínú ìwé kan náà.

Ọ̀nà kejì ni maikirosikóòpù ẹlẹ́kítíróọ̀nù tí wọ́n ń pè ní TEM. Kò sí ohun tó dà bíi rẹ̀ bí a bá fẹ́ rí ìrísí: róbótó ni àbí onígun, ó dán ni àbí ó rí jágajàga. Ṣùgbọ́n kí èérún tó lè wọ inú rẹ̀, àfi kí wọ́n mú un gbẹ. Omi á lọ, èérún á dúró, àwọn mìíràn á sì so mọ́ra níbi tí omi ti ń gbẹ. Àwòrán ohun tó ti gbẹ ni TEM ń fún wa. Ohun tó máa ṣe nígbà tó bá wà nínú omi, ó kù síbẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ló gbé wa dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá, LAUTECH, Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbájé Lateef àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi ohun tí àgbẹ̀ ń dà nù ṣe èérún nánò fàdákà. Ìṣe wọn rọrùn láti ṣàlàyé: wọ́n á po ohun tí wọ́n fà jáde lára èèpo tàbí ewé mọ́ omi tí iyọ̀ fàdákà wà nínú rẹ̀; àwọn ohun inú èèpo náà á sọ fàdákà di èérún, àwọ̀ omi á sì yí padà di pupa rẹ́súrẹ́sú. Ní 2016 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ jáde lórí èèpo obì gbàǹja, lórí èèpo kòkó, àti lórí òwú aláǹtakùn, pẹ̀lú alábàáṣiṣẹ́pọ̀ láti Yunifásítì KwaZulu-Natal ní South Africa. Wọ́n dán fàdákà èèpo obì wò nínú ọ̀dà, ó sì dá kòkòrò àti ebu dúró. Wọ́n dán ti èèpo kòkó wò lórí ìdin ẹ̀fọn, ó sì pa wọ́n.

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Òkun á ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Kòkó ń so ní Ìjùmú, ní Yàgbà, ní Bùnú àti ní àyíká Kábà. Obì wà níbẹ̀, kọfí náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìkórè, èèpo kòkó máa ń di òkìtì lẹ́bàá oko, á jẹrà, á sì di ibùgbé àrùn tó ń ba kòkó jẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun tí Ògbómọ̀ṣọ́ fi hàn ni pé òkìtì náà lè wúlò fún iṣẹ́ tí kò sí ẹni tó rò ó sí i.

Ìwọ̀n tí wọ́n kọ fún àwọn èérún wọ̀nyí, láti inú àwòrán TEM ló ti wá: bí 12 sí 80 nánómítà fún ti èèpo obì, bí 4 sí 32 fún ti kòkó. Iṣẹ́ gidi ni, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ìdin ẹ̀fọn kì í gbé inú ẹ̀rọ TEM tí kò ní afẹ́fẹ́. Inú ògòdò ló ń gbé, inú taya tó gba omi òjò, inú agbada tí wọ́n gbàgbé sẹ́yìn ilé. Omi irú ibẹ̀ ní iyọ̀, ó ní amọ̀, ó ní ewé jíjẹrà. Iyọ̀ máa ń mú kí èérún fàdákà so mọ́ ara wọn, apá kan nínú fàdákà náà sì lè yòrò tàbí kó bá iyọ̀ dàpọ̀. Èyí tó jẹ́ 20 nánómítà nínú àwòrán lè ti di òkìtì 200 kó tó kan ìdin, agbára rẹ̀ á sì yí padà. Bí a ṣe lè mọ̀ ni kí a wo èérún náà nínú omi ògòdò gan-an, lẹ́yìn wákàtí kan, lẹ́yìn ọjọ́ kan, kí a ka wọn, kí a sì tọ ipasẹ̀ wọn. Ibi tí ó yẹ kí ìgbésẹ̀ tó kàn nínú iṣẹ́ èérún nánò ní Nàìjíríà wà nìyẹn. A ti lè ṣe wọ́n. Ó kù kí a máa bá wọn dé inú omi tí wọ́n á ti ṣiṣẹ́.

Ọmọ Yorùbá kan ti ń pariwo ohun tó jọ èyí fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọmọ́wùnmí Sadik, tí wọ́n bí ní Èkó, tó kàwé ní Yunifásítì Èkó kó tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Wollongong ní Australia, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Amẹ́ríkà lórí ẹ̀rọ tó ń ṣe awárí ohun kéékèèké nínú omi àti nínú ara. Ní 2012, òun àti Barbara Karn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Sustainable Nanotechnology Organization, tó ń ṣiṣẹ́ lórí bí èérún nánò kò ṣe ní di ewu fún ènìyàn àti àyíká. Ẹni tó bá da èérún sínú omi gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tó lọ.

Ní ti omi mímu, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti yàrá àyẹ̀wò nìkan. Ní oṣù Kìíní 2024, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Columbia ní New York tẹ ìwádìí kan jáde lórí omi inú ìgò tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà. Ìpíndọ́gba èérún ike tí wọ́n rí nínú lítà kan jẹ́ nǹkan bí 240,000, nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló sì jẹ́ èérún nánò. Àwọn tó ń mu omi inú ike àti omi inú ọ̀rá lójoojúmọ́ ní Kábà, ní Mopa, ní Ìsánlú, ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tó wà nínú tiwọn. Ọ̀nà mìíràn tó ń dá ike mọ̀ láàárín ohun mìíràn ni Columbia lò, kì í ṣe títọ ipasẹ̀. Ó yẹ kí a sọ ọ́ ní gbangba: ẹ̀rọ atọpasẹ̀ lè sọ pé èérún báyìí wà, ó sì fẹ̀ tó báyìí, àmọ́ kò lè dá sọ bóyá ike ni, amọ̀ ni, tàbí èérún irin láti inú ilẹ̀ Itakpe.

Inú ara ènìyàn ni ìmọ̀ yìí ti so èso jù lọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà ti Moderna tí Amẹ́ríkà fi ta Nàìjíríà lọ́rẹ, tí mílíọ̀nù mẹ́rin rẹ̀ wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ 2021, èérún ọ̀rá ló fi di ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n sì fẹ̀ tó nǹkan bí 100 nánómítà. Ìdí kan nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé e nínú òtútù líle. Bí èérún ọ̀rá náà bá ń so mọ́ra, abẹ́rẹ́ náà ti ń bàjẹ́, bí ojú tilẹ̀ ń rí i pé ó mọ́. Irú èyí ni títọ ipasẹ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan máa ń tètè fi hàn.

Àwọn àpò tíntìntín tí sẹ́ẹ̀lì ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ náà wà, tí púpọ̀ nínú wọn fẹ̀ láàárín 30 sí 150 nánómítà. Nígbà kan, ìdọ̀tí ni wọ́n kà wọ́n sí. Lónìí, ó ti hàn pé sẹ́ẹ̀lì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí ara wọn, àti pé àìsàn máa ń yí iye wọn padà. Nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àrùn foníkú-fọladìde, wọ́n máa ń pọ̀ ju ti ẹni tó ní ìlera lọ. Kò sí orílẹ̀-èdè tí àrùn yìí ti pọ̀ tó Nàìjíríà, nítorí náà kò yẹ kí ó jẹ́ pé òkèèrè nìkan ni wọ́n á ti máa ka àpò wọ̀nyí.

Ìwádìí kan tún wà tó yani lẹ́nu. Ní 2007, ẹgbẹ́ Justin Hanes ní Yunifásítì Johns Hopkins fi fídíò tọ ipasẹ̀ èérún nínú omi yíyọ̀ ojú ara obìnrin. Ohun tí gbogbo ènìyàn gbà ni pé omi náà ki jù fún èérún ńlá láti kọjá. Wọ́n rí i pé bí wọ́n bá fi ohun tí kò lẹ̀ mọ́ nǹkan bo èérún náà lára, èyí tó fẹ̀ tó 500 nánómítà á kọjá, tí kò sì ní lọ́ra ju ìlọ́po mẹ́rin lọ sí bó ṣe máa sáré nínú omi lásán. Ìpíndọ́gba ì bá má fi èyí hàn kedere. Ìrìn ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló tú àṣírí náà, ó sì ṣí ọ̀nà fún oògùn tí ó lè wọ ibi tí oògùn kò wọ̀ tẹ́lẹ̀.

Àléébù ọ̀nà yìí kò kéré, ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ mọ̀ wọ́n. Èérún fàdákà àti wúrà máa ń tàn dáadáa, a sì lè rí wọn dé nǹkan bí 10 sí 20 nánómítà. Èyí tó jẹ́ ọ̀rá tàbí pùròtéènì kì í hàn dáadáa bí kò bá tó 40 tàbí 50. Ohun tó ń wọ̀n ni bí èérún ṣe ń sáré, nítorí náà èyí tó gùn bí ọ̀pá á jáde bí ẹni pé róbótó ni. Èyí tó burú jù ni ọwọ́ ẹni tó ń lò ó: bí ẹni kan bá mú kámẹ́rà mọ́lẹ̀ sí i, tí ẹlòmíràn sì dín in kù, omi kan náà lè bí nọ́ńbà méjì. Nítorí èyí ni ìlànà ASTM E2834 fi jáde ní 2012, tí ISO 19430 sì tẹ̀ lé e ní 2016, kí gbogbo ayé lè máa wọ̀n bákan náà. Ẹ̀rọ láìsí ìlànà, ẹ̀rọ fún fọ́tò lásán ni.

Àtúnṣe ń lọ lọ́wọ́. Ní 2022, ẹgbẹ́ Vahid Sandoghdar ní Erlangen, ní Jámánì, gbé ọ̀nà tuntun jáde tó ń da ìmọ́lẹ̀ èérún pọ̀ mọ́ ìmọ́lẹ̀ tó padà láti ara dígí, kí èyí tó kéré má baà pòórá. Wọ́n rí èérún wúrà 10 nánómítà, wọ́n sì lè ya oríṣi èérún sọ́tọ̀ sọ́tọ̀ nínú àdàlù kan. Bí irú ẹ̀rọ yìí bá dé ọjà ní owó tó ṣeé san, apá kan nínú àléébù tí a kà tán yìí á di ìtàn.

Owó náà ni ìbéèrè tó kù. Ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ ńlá ń tà wọ́n, iná rẹ̀ ń fẹ́ àbójútó, omi tí wọ́n fi ń là á gbọ́dọ̀ mọ́ débi pé kò ní èérún tirẹ̀. Àmọ́ ìmọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò wọ́n, a sì lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Bí olùkọ́ bá kán wàrà ẹyọ kan sínú ìdajì ife omi, tó fi ẹyọ kan nínú omi náà sáàárín dígí méjì, tó fi ọ̀dà èékánná lẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí omi má baà sàn, tó sì gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 400, àwọn ọmọ á rí èérún ọ̀rá wàrà tó ń gbọ̀n gẹ́gẹ́ bí Brown ṣe rí i. Kì í ṣe èérún nánò ni, wọ́n tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan nánómítà, ṣùgbọ́n òfin kan náà ló ń darí wọn. Kí ọmọ kan gbé fóònù lé ojú dígí, kó ya fídíò ìṣẹ́jú kan. ImageJ àti TrackMate, sọ́fíwià ọ̀fẹ́ méjì tí yàrá ìwádìí ńláńlá náà ń lò, á tọ ipasẹ̀ wọn. Ohun tí wọ́n á ṣírò láti inú rẹ̀ ni iye tí Perrin fi gba Nobel.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga kò ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Òkun àti àyíká rẹ̀ mọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tó wà lábẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello ti wà ní Kábà láti 1964. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kogi ti wà níbẹ̀ báyìí. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ wà ní Lọ́kọ́jà, ti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ sì wà ní Osara. Kò sídìí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ní láti ra ẹ̀rọ tirẹ̀. Ẹyọ kan tí gbogbo wọn jọ ń lò, tó ní iná oòrùn, tẹmómítà tó péye àti ẹni tó kọ́ ìlànà ISO dájú, sàn ju mẹ́rin tí eruku bò lọ. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀: kí wọ́n fi èèpo kòkó Ìjùmú àti èèpo obì Kábà ṣe èérún fàdákà gẹ́gẹ́ bí Ògbómọ̀ṣọ́ ti fi hàn, kí wọ́n sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀ nínú omi ògòdò ibẹ̀ gan-an, ní ìgbóná ibẹ̀ gan-an.

Ẹ̀yin ọmọ Òkun tó wà ní Àbújá, ní Èkó, ní London àti ní Houston, tí ẹ máa ń dá owó jọ fún gbọ̀ngàn ìlú àti ọ̀nà ọ̀dà, ẹ fi èyí kún un. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú maikirosikóòpù mẹ́wàá fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama Kábà, Ìyàrà, Mopa àti Ìsánlú, kí ẹ sì bá àwọn yunifásítì náà sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ tí wọ́n á jọ máa lò.